Orúkọ Àwọn Ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn

Ọdún tó tẹ̀lé ti kòrónà ni ẹgbẹ́ àwa tí à ń gbin ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Èjìgbò dìbò yan ààrẹ tuntun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ fún yín pé èmi ni mo tú àṣírí èrú ọjọ́ náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe.

Ààrẹ tó wà lórí àléfà nígbà náà ti lo sáà méjì, kò sì fẹ́ kúrò. Àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni kò fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n sì pọ̀. Sìkírátù, akọ̀wé ẹ̀ka wọn, ló gun ọ̀kadà láti oko dé oko tó fọwọ́ kọ orúkọ wọn. Múfútàú, ọmọ Èjìgbò kan tó ti Abíjàn dé, ló ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà; èmi ni mo ń lu òǹtẹ̀ sí i nínú kọ̀ǹpútà náà pé ó ti pé.

Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú ìwé orúkọ náà kì í gbàgbé àtúnṣe kankan. Ìpele mẹ́ta ló ní: ìwé tí à ń kọ lọ́wọ́, èyí tí a ti yà sọ́tọ̀ de òǹtẹ̀, àti èyí tí a ti lù ní òǹtẹ̀. Bí ẹ̀gẹ́ náà ni: òmíràn wà lóko, òmíràn ti wọ apẹ̀rẹ̀, òmíràn ti délé. Èèyàn lè ní kó fi ìpele kan wé òmíràn, yóò sì fi ìyàtọ̀ hàn. Ọjọ́ tó ṣáájú ìbò ni mo lu òǹtẹ̀ sí gbogbo rẹ̀, láìka orúkọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, orí mi sì ń wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, mo fi Múfútàú ti kọ̀ǹpútà, mo lọ wẹ̀. Kí n tó dé, ó ti tẹ ìwé orúkọ jáde. Nígbà tí àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn fi dé gbàgede, orúkọ ẹni mélòó kan péré nínú wọn ló wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ààrẹ pariwo pé, "Sìkírátù ló tà yín! Kò kó orúkọ yín wá!"

Kí a tó ṣẹ́jú, igi àti àdá ti wà lókè. Wọ́n fọ́ àga. Wọ́n la igò mọ́ ọkùnrin kan lórí. Ẹnì kan fa ìborùn Sìkírátù ya, ó sì wọ́ ọ wá síwájú mi.

"Ojú mi ló ṣe, ẹ̀gbọ́n!" ló ń ké. "Mo jókòó ti Múfútàú títí ó fi tẹ gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Mo ní kí kọ̀ǹpútà fi ìwé tí à ń kọ lọ́wọ́ wé èyí tí a yà sọ́tọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Mo pariwo sí gbogbo wọn: "Ẹnikẹ́ni ò yí nǹkan kan padà! Bó ṣe kó o wá náà nìyí!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Igi àkọ́kọ́ bà á léjìká. Ó na ọwọ́ ọ̀tún bo orí, wọ́n sì fi irin lu ọwọ́ náà títí egungun fi yọ síta. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ló ń lù ú, àwọn tó tìtorí wọn gun ọ̀kadà nínú òjò.

N kò lè wò ó, mo bá gbójú sí kọ̀ǹpútà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mi ò tíì wo ìpele kẹta. Mo ní kó fi èyí tí a yà sọ́tọ̀ wé èyí tí mo lù ní òǹtẹ̀ lánàá. Pupa bo ojú kọ̀ǹpútà. Orúkọ àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn nìyẹn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, tí wọ́n ti yọ kúrò. Ẹni tó yọ wọ́n mọ bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti ya iṣẹ́ ibi rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ìpele méjì àkọ́kọ́ lè bára mu, kí n má bàa rí i. Èmi àti Múfútàú nìkan la sì mọ̀ ọ́n lò.

Mo gun orí tábìlì, mo ké títí ohùn mi fi há. Wọ́n fi Sìkírátù sílẹ̀, wọ́n yí sí Múfútàú.

"Pàdọ́ọ̀nù, ẹ̀gbọ́n!" Ẹ̀jẹ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀. "Ààrẹ ló rán mi!"

N kò gbà á sílẹ̀. Mo dúró, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, inú mi sì dùn, títí ọlọ́pàá fi dé. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

A tún ìbò náà dì. Ààrẹ lọ, àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn sì wà nínú ìgbìmọ̀ wa dòní. Ẹgbẹ́ fún mi ní àwo ìdúpẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún Sìkírátù kò ká mọ́, ẹlòmíràn ló ń bá wọn kọ̀wé. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Apá kan ni mo wò tí mo fi dájọ́.

Lẹ́yìn ọdún kan, mo lọ bẹ Sìkírátù nílé. Ó gbé omi fún mi.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ òsì ni," ló wí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde. Gbàgede lẹ ti pariwo pé mo purọ́. Inú yàrá lẹ wá ti ń bẹ̀ mí?"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti fún mi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbi ìpàdé gbogbogbòò láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ̀rọ̀ nípa èrú ààrẹ. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí sílẹ̀. Sìkírátù kò purọ́. Èmi ni mo sọ ohun tí n kò mọ̀. Níbi ìpàdé tó ń bọ̀, tí ẹ bá rí i pé mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ ààrẹ, ẹ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, kí ẹ ka èyí sókè.