Ìlà Tí Wọ́n Fà Sórí Ọ̀rọ̀ Bàbá Mi

Onínúfùfù ni mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ní sítọ̀ ilé-iṣẹ́ páálí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, mo ṣí fóònù, mo rí i pé ẹnìkan ti pa orúkọ àdúgbò wa dà. Gààrí tí mo rẹ ò ṣeé mu mọ́. Èmi ni mo kọ ojú-ìwé àdúgbò wa sínú ìwé ìmọ̀ orí ayélujára, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Ìdí-Páìpù ni mo fi ṣe àkọlé rẹ̀. Ẹni yìí yọ ọ́, ó fi orúkọ òyìnbó tí àwọn onílé tuntun kọ sára géètì ẹ́síteètì wọn rọ́pò. Kò tán síbẹ̀ o. Lórí ojú-ìwé Àgége àti ti Dọ̀pẹ̀mú, níbi tí ènìyàn ti lè tẹ Ìdí-Páìpù kí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti yí ìjápọ̀ méjèèjì padà.

Mo dá a padà. Ó tún un yọ. Mo tún dá a padà, mo sì kọ ọ́ sí i pé, "Ta ni ìwọ gan-an? Ṣé o tiẹ̀ ti fẹsẹ̀ tẹ Àgége rí?" Ó ní òun ò bá mi jà, pé orúkọ tó wà nínú ìwé ìròyìn ni òun ń lò. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, alámòójútó kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń parí ìjà níbẹ̀, ti ojú-ìwé náà pa. Ó ní kí àwa méjèèjì lọ wí tẹnu wa lójú-ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ọjọ́ méje ló fún wa.

Kí ló kan bàbá mi nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá ṣe lébìrà n'Íkẹjà. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn mẹ́fà wà lára àwọn tó fi èjìká gbé páìpù omi ńlá tó gba àdúgbò wa kọjá. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, ẹnu wọn ni orúkọ náà ti jáde. Ọ̀rẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú. Bàbá mi nìkan ló kù, orúnkún ò sì jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́. Nígbà tí mo ròyìn fún wọn, wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn sílẹ̀.

"Bí wọ́n bá pa orúkọ yẹn rẹ́, a jẹ́ pé a ò débí rí nìyẹn. Ta ló máa bá ọ lọ síbi ẹjọ́ náà?"

"Èmi nìkan ni, bàbá."

"Háà! Ṣebí ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé!"

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn: ẹni tó bá lẹ́jọ́, tẹbí-tará ní í bá a lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, mo kó wọn jọ sí pálọ̀: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn, télọ̀ tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú, àtàwọn ayálégbé wa. Fóònù mi kan ṣoṣo yẹn ni mo fi ṣí àkáǹtì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́wàá kọ pé àwọn fara mọ́ Ìdí-Páìpù, ó parí. Bàbá mi ló ṣe ìkọkànlá, tiwọn ò sì yá bọ̀rọ̀. Wọ́n ń sọ, mò ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n kà á padà, wọ́n ní kí n yọ ibì kan. "Mo wà níbẹ̀ nígbà tí a gbé páìpù náà. Èjìká mi òsì ni mo fi gbé e. Àwa la sọ ibẹ̀ ní Ìdí-Páìpù." Wọ́n gba fóònù, wọ́n fi ìka ara wọn tẹ̀ ẹ́ kí ó lọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, alámòójútó ti kọ̀wé. Ó ní kì í ṣe orí ni àwọn ń kà, ẹ̀rí tí a tẹ̀ jáde ni àwọn ń wò. Ó ní àkáǹtì mọ́kànlá tó ti orí fóònù kan jáde lọ́jọ́ kan, ẹnìkan ṣoṣo ló ń díbọ́n. Ó fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn, pé wọn ò kà á sí mọ́, ó ní bí mo bá tún dán irú ẹ̀ wò, wọn á tì mí síta pátápátá. Mo yí ojú-ìwé náà wálẹ̀ títí mo fi dé orí ti bàbá mi: "Mo wà níbẹ̀," ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ la fóònù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bú? Èmi ni mo ṣí gbogbo àkáǹtì náà.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti rí tèmi?"

"Wọn ò tíì dé orí tiyín, sà."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún bi mí, mo tún purọ́.

Lọ́jọ́rú, tí í ṣe ọjọ́ kẹfà, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo gba Aláúsá lọ, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, láti wá ẹ̀rí tí a tẹ̀ jáde. Ọ́fíìsì kan ní kí n lọ sí òmíràn, òmíràn ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ò wá sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti fẹ́ máa tilẹ̀kùn nígbà tí ìyá kan gbé ìwé eléruku kan lé mi lọ́wọ́, ìwé tí ìjọba tẹ̀ láyé àtijọ́ nípa omi ẹ̀rọ. Máàpù wà nínú rẹ̀. Lórí máàpù náà, gbangba báyìí, wọ́n kọ Ìdí-Páìpù. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí alámòójútó láti ẹnu géètì ọ́fíìsì wọn.

Lọ́jọ́ keje, alámòójútó dá àkọlé wa padà. Ó ní orúkọ ti géètì á kàn jẹ́ ọ̀nà tí ń darí ènìyàn wá sórí tiwa ni. Ẹni tí mo bú yẹn kọ̀wé pé, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rí yìí tó." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tún ìjápọ̀ Àgége àti ti Dọ̀pẹ̀mú ṣe. Ojú tì mí.

Mo sáré wọlé. "Bàbá, a ti borí o!"

"Alhamdulillah! Gbé e wá, jẹ́ kí n rí tèmi."

Ayọ̀ ti jẹ́ kí n gbàgbé. Wọ́n ti wọ gíláàsì, wọ́n ti na ọwọ́. Wọ́n mọ Yorùbá kà dáadáa. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ìlà wo rèé?"

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wá rí tí wọ́n fi gbè wá?"

"Ìwé kan tí mo rí ní Aláúsá, sà."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Wọn ò kọ orúkọ ẹnì kankan sí i."

Wọ́n fọwọ́ kan èjìká wọn òsì. "Páìpù wà. Orúkọ wà. Èmi tí mo gbé e ni wọ́n ní kò sí."

"Ẹ dákun, bàbá. Kì í ṣe àwọn ló fa ìlà yẹn. Èmi ni."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n sì mú tẹ̀sùbáà wọn.