Àdúgbò tí Ìyá Mi Fẹ́ Kó Lọ

Nígbà tí bàbá mi kú, mo lọ kó ìyá mi kúrò ní etí òkun tó ti ń yan ẹja láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó, mo mú un wá sí ilé mi ní Ekete, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri. Mo rò pé oore ni mo ṣe. Omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé wa, a sì ní jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri gíga ló yí ilé kọ̀ọ̀kan ká ní òpópónà wa, kò sì sí aládùúgbò kan tó gbọ́ Yorùbá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi á ti jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Warri–Sapele Road. Iṣẹ́ epo ni ọkọ mi ń ṣe lójú omi. Ó lè tó oṣù kan kó tó wálé. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ bá sọ, ṣùgbọ́n Pijin ló fi ń dá a lóhùn.

Tẹlifíṣọ̀n ló wá di ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Eré Yorùbá kan wà tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ti pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé inú rẹ̀ ti di ìyá ọlọ́mọ. Òpópónà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: ilé búrẹ́dì wà ní ìkòríta, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé ìyá onílé tó ní géètì búlúù sì wà níwájú wọn. Kí aago mẹ́rin tó lù, ìyá mi á ti jókòó, á ti wé gèlè bí ẹni tó ń retí àlejò. Bí wọ́n bá kíra wọn nínú eré náà, á dá wọn lóhùn ní èdè Ìlàjẹ tiwa.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rín ló ń pa wá. Mo tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Oníbúrẹ́dì ti bímọ o. Ọkùnrin ni."

"Oníbúrẹ́dì wo, Màámi?"

"Èyí tó wà ní ìkòríta. Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?"

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Grandma, na film be dat!"

Ìyá mi kọjú sí tẹlifíṣọ̀n padà.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu wa. Ó ń gbàgbé bóyá òun ti jẹun. Ó gbàgbé pé bàbá mi ti kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo túfọ̀ rẹ̀ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ tó ń bá àwọn àgbà jà ni, kò sí oògùn tó lè wò ó. Èmi tí mò ń ta oògùn! Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ẹnì kankan nínú àdúgbò inú eré yẹn.

Ó wá ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ síbẹ̀. "Ìyá onílé yẹn ò ní ṣàì rí yàrá kan fún mi," ni yóò wí. Lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ mí, mo jágbe mọ́ ọn.

"Màámi, kò sí àdúgbò kankan níbẹ̀! Pákó ni wọ́n kàn pọ̀, wọ́n wá kùn ún lọ́dà. Bí wọ́n bá ṣeré tán, oníkálukú á lọ sílé rẹ̀."

Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ni yóò jókòó pa irọ́ tó gùn tó báyìí?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi ti ilé ìwé dé, kò bá a nílé. Nígbà tó pè mí, ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. A wá gbogbo Ekete, à ń bi àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá léèrè, títí ọ̀kan fi sọ pé òun gbé ìyá arúgbó kan lọ sí Aladja, ìlú tó wà nítòsí wa. Ó ní ṣe ni ìyá náà kàn ń nawọ́ síwájú pé kí òun máa lọ.

Ibẹ̀ la ti rí i lóòótọ́, lórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú ilé kan tó ní géètì búlúù. Báàgì aṣọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Obìnrin náà ti fún un ní omi. Ó ní, "Mama say na here she wan stay. I no fit drive am."

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. Kò bínú, ẹ̀rù kò sì bà á. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Wọ́n ti kó lọ," ó wí. "Mo kan géètì. Ẹni tó jáde kò gbọ́ èdè mi."

Irú ẹkún tí mo sun bí a ṣe ń padà lọ, n kò sun irú rẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú.

Láti ọjọ́ náà, n kò bá a jiyàn mọ́. Mo bẹ ọ̀gá mi, ó gbà kí n máa ṣíwọ́ ní aago mẹ́ta. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí wo eré náà; mo mọ àwọn tó ń bára wọn jà, mo mọ ọkọ tó sá lọ. Bí oorun bá ti gbé ìyá mi lọ, ọmọ mi á fi Yorùbá tó ń kọsẹ̀ ròyìn fún un tó bá jí: "Grandma, télọ̀ ti... ti rí ọkọ." Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá wọn kalẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ràn ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kan ilẹ̀kùn ara wọn. Wọ́n á ní, ṣé ẹ jí dáadáa?"

N kò lè wò ó lójú. Ó ti lo ọdún mẹ́rin nílé mi, àárọ̀ tí mo wọ yàrá rẹ̀ kí n tó jáde kò pọ̀. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ló fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìyá onílé ló ń pè mí.

Nígbà tí òjò dé, kò lè dìde mọ́. Mò ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá onílé, ẹ ṣeun. Mo ní ọmọ kan ní Ekete. Iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀, ẹ má bá a wí. Bí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un pé mo ti dé, ẹ sì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀."

"Mà á sọ fún un," ni mo fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ kejì ẹ̀ ló kú, bí oòrùn ti ń ràn lójú fèrèsé.

Ọkọ̀ ojú omi la fi gbé e lọ sí ìlú rẹ̀ létí òkun, a sin ín sí ẹ̀gbẹ́ bàbá mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wá láti Èkó fà mí sápá kan.

"Kí ni Màámi sọ gbẹ̀yìn?"

Mo ní, "Ó ṣàdúrà fún gbogbo wa."

Ó nu ojú rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tọ́jú rẹ̀. N kò tíì sọ òtítọ́ fún un.