Edilsa Olóhùn Gooro àti Ìwọ́de Tó Dà Bí Ìsìnkú

Ohùn tí Ọlọ́run fún Edilsa Torregrosa kì í ṣe ohùn ilé ìkàwé rárá, ohùn ẹlẹ́ja ni. Irú ohùn yìí ni ìyá rẹ̀ fi kiri ẹja bocachico ní Puerto Jagua, láti etí odò Magdalena títí dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìyá bá polówó, ọmọ a gbè é, débi pé ajá tó sùn ní òdìkejì odò a ta gìrì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá fi ṣe olùtọ́jú ilé ìkàwé ìlú! Bó bá fẹ́ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ fún ọmọléèwé kan pé ìwé tó ń wá wà lókè, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ni yóò gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ. Ó sì fẹ́ràn ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé agbègbè odò débi pé ó ń lẹ báàjì wọn mọ́ àyà lọ ra ata. Ààrẹ ẹgbẹ́ náà, Doña Ofelmina Araújo, jẹ́ obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìka rẹ̀ kì í jìnnà sí ètè. Edilsa kì í tíì rẹ́rìn-ín tán nípàdé tí ìka náà fi ń gòkè. "Ṣììì!"

Wàhálà wá dé. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ní kò sẹ́ni tó ń lo ilé ìkàwé Puerto Jagua, pé àwọn fẹ́ gbé e fún oníbíà kan kó máa kó ẹrù rẹ̀ sí, ọjọ́ Jímọ̀ làwọn yóò sì dìbò sí i. Edilsa wọkọ̀ ojú omi, ó sáré tọ ẹgbẹ́ lọ, ẹgbẹ́ sì fohùn ṣọ̀kan pé ìwọ́de ni.

"Ìwọ́de ọmọlúàbí o," ni Doña Ofelmina wí. "Edilsa, ìwọ má sọ̀rọ̀ rárá."

"Háà, ẹ̀yin ìyá wa! Èmi tí wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ mi?"

"Ìwọ gan-an. Bó o bá lanu báyìí, wọ́n á ní ọjà la wá ná. Bó o bá sì pariwo, wàá dá báàjì yẹn padà."

Edilsa di báàjì rẹ̀ mú, ó sì ṣèlérí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi dé láti àwọn ìlú etí odò, gbogbo wọn nínú búláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Ẹ bá mi wò ó, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí! Wọ́n ní àfi káwọn tò bí ìwé ṣe ń tò lórí pẹpẹ, orúkọ ìdílé kálukú ní ìtẹ̀lé-n-tẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ De la Hoz ti bá gbogbo ayé jà: wọ́n ní H ni kó tò sí, òun ní D ni, ó ní òun ò ní dúró sẹ́yìn láéláé. Oòrùn ti ń ta kí wọ́n tó parí ìjà. Páálí tí wọ́n gbé dání ńkọ́? Ẹjọ́ tó gùn gbọọrọ ni wọ́n kọ sí i ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n sì kọ ìwé tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà sí ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ka ọ̀kan ní láti máa bá páálí náà rìn, títí tó fi forí sọ òpó iná.

Orin ìwọ́de wọn ńkọ́? Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́.

Kí ni ará ìlú yóò rò? Wọ́n rí àwọn èèyàn nínú funfun àti dúdú, ní méjìméjì, wọ́n tẹrí ba nítorí oòrùn, ètè wọn ń mì bí ẹni ń ka àdúrà rosario. Onígbàjámọ̀ ṣí fìlà. Ẹni tó ń dín arepa, àkàrà àgbàdo wọn, gbé agbada kúrò lórí iná. Ní Puerto Jagua, òkú kì í kọjá kéèyàn má sìn ín, torí bó ò bá sin tẹlòmíràn, ta ni yóò sin tìẹ? Ni wọ́n bá tò tẹ̀lé wọn, àwọn kan sì ti já òdòdó dání.

Bàbá kan ń sunkún kíkorò. "Ó mà ṣe o! Èèyàn rere lọ!"

"Ta ló kú, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀ o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èèyàn rere ni."

Doña Ofelmina bojú wẹ̀yìn, ó rí èrò, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti gbọ́ wa."

Edilsa mọ̀ pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n dé oríta. Ọ̀tún ni ilé káńsù, òsì ni itẹ́ òkú. Àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé yà sọ́tùn-ún, gbogbo èrò yà sósì. Edilsa wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ó ja báàjì rẹ̀ kúrò láyà, ó tì í bọ Doña Ofelmina lọ́wọ́, ó sì lanu. Ohùn ìyá rẹ̀ ló jáde.

"Ọ̀tún ni ooo! Ilé ìkàwé yín ni òkú ọ̀hún ooo! Kò tíì kú ooo, láàyè ni wọ́n fẹ́ sin ín! Ẹ wá gbà á ooo, tútù ni, tútù yọ̀yọ̀!"

Ti ẹja ló já lù ú níparí yẹn, ẹ má dá a lẹ́bi. Èrò dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí padà, tòdòdó-tòdòdó, wọ́n ya wọ ilé káńsù, Edilsa ṣì ń ké níwájú wọn; àwọn tí kò ráyè wọlé dúró lójú fèrèsé.

Wilfrido Pertuz, alága àwọn káńsẹ́lọ̀, fọwọ́ gbá tábìlì. "Obìnrin yìí, dákẹ́!"

Doña Ofelmina bọ́ síwájú. Edilsa ti ń wo ìka rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka náà ò gòkè.

"Alága, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú," ni Doña Ofelmina wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti ń pa á lẹ́nu mọ́. Kì í gbọ́. Ẹ dìbò yín."

Ẹ̀rín bú sẹ́nu gbogbo ilé. Àwọn káńsẹ́lọ̀ wo ojú fèrèsé, wọ́n rí òdòdó ìsìnkú lọ́wọ́ àwọn tó ń dìbò fún wọn. Kò sẹ́ni tó nawọ́ fún oníbíà, àní Pertuz fúnra rẹ̀ kò nawọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ilé ìkàwé Edilsa ni ẹgbẹ́ ti ṣe ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Doña Ofelmina lẹ báàjì náà padà mọ́ ọn láyà. "Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò," ó ní. "Ó yá, kọ́ wa."

Edilsa kọ́ wọn. Ọ̀fun tí kò pariwo rí ń fọ́ káàkiri àgbàlá: "Ìwé rè é ooo! Tútù yọ̀yọ̀!" Ti Doña Ofelmina ló burú jù, ó ń ké bí àgbébọ̀ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì kọ̀ kò ṣíwọ́. Nicolasa, ọ̀rẹ́ ìyá Edilsa láti ayé ẹja, gbọ́ ìpolówó Edilsa nílé, ó sáré yọ tabọ́-tabọ́.

"Èló ni bocachico?"

"Ẹja ti tán, Màmá, ìwé ló kù," ni Edilsa fèsì.

"Ohùn ìyá rẹ ni mo gbọ́," ni Nicolasa wí, "èmi ò sì gbọ́ ohùn náà kí n gbé abọ́ òfìfo lọ ilé rí." Ó na abọ́ náà sí i, wọ́n sì bu ìwé sí i fún un.