Aago Tó Sọnù Lórí Tábìlì Bàbá Mi

Bàbá mi kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Aago ló ń tún ṣe, bí oníbàárà bá sì jókòó tì í, ojú rẹ̀ kan á wà lára aago, èkejì á wà lára ọwọ́ onítọ̀hún. Bí a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, á ní ìfura loògùn àgbà. Ẹni tí kò lè bá wa rẹ́rìn-ín ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, aago ọwọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ sọnù lórí tábìlì iṣẹ́, bàbá mi sì ní àbúrò òun tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ló jí i tà. Ó lé e jáde. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, opó kan mú aago àtijọ́ kan wá. Bí bàbá mi ṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí, ojú rẹ̀ yí padà. Àmì tí bàbá wọn fi abẹ́rẹ́ ha sínú ìdérí rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Màmá, níbo lẹ ti rí aago yìí?"

"Ti Tísà, ọkọ mi tó ti kú, ni."

"Ta ló tà á fún un?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ bá a tún un ṣe? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wò mí bí olè?"

Bàbá mi ní irọ́ ni, pé àbúrò òun ló tà á fún Tísà. Inú bí mi. Mo fa agolo tó ń kó àwọn aago tí olówó wọn kò padà wá gbà sí jáde, mo dà á sórí tábìlì. Ọ̀kan jọ ti ìyá náà bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn, bébà kékeré sì wà lára rẹ̀ tí bàbá mi fúnra rẹ̀ kọ "Tísà" sí. Ọ̀sẹ̀ kan náà ló tún aago Tísà àti ti bàbá wọn ṣe. Lọ́jọ́ tí Tísà wá gba tirẹ̀, ọwọ́ Tísà ló ń ṣọ́, kò wo ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ń gbé fún un: aago bàbá wọn ni.

Bàbá mi fún opó náà ní aago ọkọ rẹ̀ tó wà nínú agolo, ó bẹ̀ ẹ́, ó mú ti bàbá wọn dání, ó sì ní kí n mú òun lọ sílé àbúrò òun.

Bàtà ni bàbá mi kékeré ń rán báyìí. Kò dìde nígbà tó rí wa.

"Àbúrò mi, má bínú," ni bàbá mi wí. "Èmi ni mo gbé e fún oníbàárà. Gbà á, ìwọ ló tọ́ sí."

Bàbá mi kékeré gbé aago náà sétí, ó tẹ́tí sí i títí. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà.

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ ẹ máa mú un lọ. Tó bá tún sọnù, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ilé mi lẹ máa kọ́kọ́ wá."