Orúkọ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tèmi

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó mọ̀ pé obìnrin lọkàn mi ń fẹ́. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló dí. Mo wà nílé ọkọ, mo bímọ, mo sìnkú ọkọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì ń tẹ̀wé ní Ṣómólú láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè yẹ ara mi wò?

Obìnrin tó là mí lójú wá bá mi ṣiṣẹ́ ìdìwé ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní bí mo ṣe ń gé bébà kò gún régé. Kò sì gún lóòótọ́. Nígbà tó ṣe, ó kó wá sílé mi ní Abúlé Òkúta. Àwọn ará ilé ní àbúrò mi ni, a ò bá wọn jiyàn. Ọdún mẹ́fà la fi jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí kò jọra rárá.

Nígbà tí ìyá mi kú, èmi ni mo tẹ ìwé ètò ìsìnkú wọn. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ òkú: orúkọ ọmọ lápá òsì, orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún tèmi ṣófo. Mo wò ó títí, mo bá tẹ orúkọ obìnrin tí a jọ ń gbé síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí o. Mo mọ ohun tí òfin ìlú yìí lè fojú irú wa rí. Ṣùgbọ́n ti ẹbí ló ń já mi láyà jù: bí wọ́n bá kọ̀ mí, ta ni mo ní?

Iṣẹ́ kankan kì í wọnú ẹ̀rọ lọ́dọ̀ wa kí oníbàárà tó buwọ́ lu prúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, díákónì pátápátá, ni wọ́n wá buwọ́ lù ú. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n tún nọ́ńbà orin kan ṣe, wọ́n dé ibi orúkọ mi.

"Àṣìṣe wà níbí."

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo obìnrin mi tó ń ka bébà lẹ́yìn mi.

"Ṣé Màámi mọ̀?"

"Àwọn gan-an ló ní kí n má jẹ́ kó lọ."

 Wọ́n mú báírò, wọ́n fagi lé orúkọ náà, wọ́n buwọ́ lù ú. "Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló máa gbé ìwé yìí lọ sílé," ni wọ́n wí. "Àbí o fẹ́ kí ọlọ́pàá wá bá wa jẹ ìrẹsì?"

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, apá ọ̀tún ṣófo.

Lẹ́bàá ibojì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jáde pẹ̀lú ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ láti da yẹ̀pẹ̀. Nígbà tó kàn mí, èmi nìkan ni mo jáde. Obìnrin mi wà lẹ́yìn pátápátá, láàárín àwọn oníbàárà wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti da tiwọn tán. Wọ́n fi ìyàwó wọn sílẹ̀, wọ́n la àárín èrò kọjá, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì fà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìyàwó wa," wọ́n rọra sọ ọ́, "ó kàn ẹ́."

Pásítọ̀ ń bá àdúrà wọn lọ. Àwa méjèèjì bu yẹ̀pẹ̀. Mo bá bú sẹ́kún, mi ò lè dá a dúró. Àwọn èèyàn ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Áà, ó mà fẹ́ràn ìyá rẹ̀ o!"

Mo fẹ́ràn wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹkún ọjọ́ yẹn kì í ṣe tiwọn.