Ẹtà Tó Wá Kí Wa Lọ́sàn-án

Ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n ti bí sílé kó tó dé. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ ìyìn ni yóò fún un. Kúbúrá, ìyàwó Àkíbù, fi àṣà yìí dá wa lára yá dáadáa. Bàbá Gàfárù, bàbá ọkọ rẹ̀ àti baálé wa, kò ní eyín iwájú kankan mọ́. Kúbúrá sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún. Ta ni yóò bá a wí? Baba fúnra rẹ̀ á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Òjé ni wọ́n ti bí Kúbúrá. Sàídì, baba rẹ̀, ń dẹ tàkúté nígbó. Kúbúrá ní tirẹ̀ ń sin adìẹ tà ní Ọjà'ba.

Lọ́dún tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, ẹtà kan rìn wọ agbo ilé wa lọ́sàn-án gangan. Ilé wa kì í jẹ ẹtà. Wọ́n ní òun ló ṣáájú baba ńlá wa jáde nínú igbó nígbà ogun. Eléyìí ò sá fún ẹnikẹ́ni. Ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn baba wa, ọlọ́gbọ́n ayé, kúnlẹ̀ kí i.

"Ó ti rìn jìnnà, ó rẹ̀ ẹ́ ni," Bàbá Gàfárù wí. "Ẹ bu omi wá." Ó na ọwọ́ ọ̀tún láti fi pa á lórí.

Ẹ̀rù ba Kúbúrá gan-an. Sàídì ti sọ fún un pé ẹran ìgbẹ́ tí kò bá sá fún ènìyàn mọ́ ti ya dìgbòlugi, àti pé ẹni tó bá bù jẹ kò ní lè gbé omi mì títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa pe àlejò ńlá ilé ọkọ ní wèrè? Ó gbé àgò tó fi ń dé adìẹ, ó dé ẹtà náà mọ́lẹ̀, ó gbé odó lé àgò, ó sì jókòó sórí odó.

"Ìyàwó, kí lo ṣe yìí?"

"Bàbá, ọkọ mi ni mo ń ṣe lálejò. Kí oòrùn má baà pa wọ́n ni."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹtà: Abìrìn-ẹ̀yẹ, Arìnlọ́sàn-án-bí-ìjòyè. Ẹni tó bá ní kó dìde, á fi oríkì tirẹ̀ kún un, inú onítọ̀hún á sì dùn. Lábẹ́ rẹ̀, ẹtà ń gé àgò jẹ, ó ń bu ara rẹ̀ jẹ. Bàbá Gàfárù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wò ó, ó sì rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sínú agbádá.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹtà ti kú. Sàídì wá fi igi wọ́ ọ lọ, ó sin ín jìn, tòun ti àgò.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń pín ẹran Iléyá, Kúbúrá á dúró síwájú baba. "Bàbá, ọwọ́ mi dà?" Baba á na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí ẹtà ò rí bù jẹ, á fi mú ẹran tó dáa jù fún un.

Nígbà tí ara baba ò gbé e mọ́, ó ránṣẹ́ pè é, ó sì gbé ọwọ́ náà lé e lọ́wọ́.

"Gbà á," ó ní. "Eyínmẹ́nugún ti lò ó tó."

Kúbúrá di ọwọ́ náà mú.