Àwọn Ìyá Tó Dógò Tì Wá ní Dọ̀pẹ̀mú

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń jí mi nínú ilé tí bàbá mi rà ní Dọ̀pẹ̀mú, nítorí ilé búrẹ́dì kan wà lẹ́yìn ògiri wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tún gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí n kò mọ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ìyá mẹ́rin ti tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n wá dógò tì wá ni, wọn kò sì ní kúrò títí a ó fi san gbèsè.

Báńkì ló gba ilé náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ, tí wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ní Ìkẹjà, rò pé gbèsè tán síbẹ̀. Àṣé ọkùnrin náà ti fi ilé dúró fún owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá yìí kó tó gbé e lọ sí báńkì. Lọ́yà ti sọ fún bàbá mi pé ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ ṣíwájú ti báńkì, ó sì wà lórí ilé síbẹ̀, ẹni yòówù kó rà á. Bí a kò bá san án, kóòtù lè ta ilé mọ́ wa lórí.

Ẹ̀rù bà mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé: "Olówó gbàǹjo, ẹ kúkú jáde wá kí àlejò."

Màmá mi ló jáde. Wọ́n ní kí n gbé omi tútù tẹ̀lé àwọn, kí n sì kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà náà. Lẹ́yìn náà ni màmá mi jókòó tì wọ́n.

"Ẹ̀yin ìyá mi, àwa kọ́ la yá owó yín, ṣùgbọ́n a kò ní sá fún yín. Ẹ jẹ́ ká máa san án díẹ̀díẹ̀."

Èyí tó dàgbà jù mu omi tán. "Ìyàwó, ẹni tó yá a gan-an kò fún wa lómi rí." Ni wọ́n bá ká ẹní wọn.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ òru mọ́ ti ọ̀sán. Màmá mi ta góòlù ìgbéyàwó wọn. Lọ́jọ́ tí a san án tán, bàbá mi mú wa yí ilé ká, yàrá dé yàrá. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tiwa ni," ni wọ́n wí. Láti ìgbà náà, bàtà òkìríká lásán ni mo bá fẹ́ rà, wọ́n á ní: "Lọ wádìí ẹ̀ wá."

Lọ́dún tó kọjá tí èmi náà ń wá ilé rà, ẹ̀jẹ́ǹtì kan mú mi lọ wo ilé tí báńkì fẹ́ tà nítòsí Allen ní Ìkẹjà. Mo ní kí lọ́yà wo ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀, mo sì béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ẹ̀jẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ̀yin náà lójo o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbèsè ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, mo sì fi í sílẹ̀.

Mo ti ju ọjọ́ orí màmá mi ìgbà náà lọ. Mo mọ ìwádìí ṣe jù wọ́n lọ. Ní ti ìgboyà, n kò tíì dé ìdajì wọn, inú mi sì máa ń dùn láti sọ ọ́.